Ẹṣin Tí Kò Ní Gàárì: Àyẹ̀wò Òwe Kan

Nínú àwọn òwe tí a ń pa ní ilé-ẹ̀kọ́, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó wọ́pọ̀ tó èyí tí ó wí pé, ‘Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a.’ Olóyè Isaac O. Délànọ̀ fi apá kìíní rẹ̀ sọ ìwé òwe rẹ̀ tí ó jáde ní 1966 lórúkọ. Ṣùgbọ́n a ti pa òwe náà títí, ó fi dà bí ẹni pé a gbàgbé pé ẹṣin wà nínú rẹ̀. Irú ẹṣin wo ni?

Ojú méjì ni ẹṣin ní nínú èdè wa. Èkíní ni iyì. Bí ipò ènìyàn bá ga, a ní líkáfà rẹ̀ lọ sókè. Irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì ni líkáfà, ọwọ́ Haúsá ni a sì ti yá ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà yìí ni àwọn agbẹ́gilére tọ̀. Lára òpó ilé kan tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó kú ní 1938, gbẹ́, tí ó wà ní Metropolitan Museum ní New York, ẹlẹ́ṣin tóbi, ẹṣin sì kéré lábẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde: a ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́ kí ayé lè rí ẹni tí ó gùn ún.

Ojú kejì ni iṣẹ́. ‘Wá’ ni ọ̀rọ̀ tí ó gbé òwe wa ró. Ohun kan sọnù, a sì gun ẹṣin láti wá a. Ẹni tí ń wá ohun tí ó sọnù kì í dúró de ọ̀ṣọ́. Nítorí náà, lójú tèmi, ẹṣin tí kò ní gàárì ni ẹṣin òwe.

Gígun irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Kò sí líkáfà tí a ó tẹ̀. Ẹni tí ń kọ́ ọ yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹṣin mọ òun. Yóò dúró lápá òsì, yóò di irun ọrùn rẹ̀ mú nítòsí èjìká, yóò fò, yóò fi ikùn lé ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, kí ó sì rọra jókòó. Bí ó bá já lé e gbì, ẹṣin lè bẹ́, kí ó sọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìrìn ẹṣin ni yóò máa mọ̀ lára.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ńkọ́? Ó ń kọ àròkọ lórí ìmọ́tótó, ó bẹ̀rẹ̀ pé, ‘Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, bó pẹ́ títí, ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.’ Kí ni ó sọnù tí ó ń wá? Gàárì nìkan ni ó gbé, kò sí ẹṣin lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá bá olóyè agbéraga sọ̀rọ̀ títí tí kò gbọ́, tí ó wá pa òwe yìí kan náà, ọ̀rọ̀ tí ó ti sọnù di rírí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni èyí kan ọmọ Pápá Àjàó ní Mushin? Orúkọ nìkan ni pápá ibẹ̀ kù sí; ilé àti ọjà ni ó gba ilẹ̀. Ọmọ tí ó dàgbà nítòsí ọjà Ládípọ̀, níbi tí a ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, lè mọ ẹ̀yà ọkọ̀ ju ti ẹṣin lọ. Ṣé kí a wá sọ pé òwe ni ọkọ̀ ọ̀rọ̀? Rárá o. Ibi tí awakọ̀ bá darí ọkọ̀ sí ni í lọ. Ẹṣin a máa bẹ̀rù, a sì máa kọ̀. Òwe náà a máa gbé apòwe lọ sí ibi tí kò rò, bí ó bá pa á níwájú ẹni tí kò yẹ. Ìdí nìyí tí ọmọdé fi ń wí níwájú àgbà pé, ‘Tótó ó ṣe bí òwe.’ Ó mọ̀ pé ohun tí òun gùn lè gbé òun ṣubú.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olùkọ́ ni pé, kí a tó bi akẹ́kọ̀ọ́ bí òwe ṣe parí, kí a kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó sọnù tí a fi ń pa á.