Ta Ni Ó Pa Ìyálóde? Ìwádìí Ọ̀ràn nínú Ìtàn Ayé Àtijọ́

Nínú ìtàn-àròsọ Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń tọ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ìtàn ayé àtijọ́. Nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù (1969), ayé ọkọ̀, ìbọn àti àgọ́ ọlọ́pàá ni Lápàdé ti ṣiṣẹ́. Òde òní náà ni Kọ́lá Akínlàdé fi ṣe ibùdó ìtàn Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976). Adébáyọ̀ Fálétí padà sí ayé àtijọ́ nínú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin (1969), ṣùgbọ́n ìjà òmìnira ni ó gbé kalẹ̀, kì í ṣe àdììtú ìpànìyàn. Ǹjẹ́ ìwádìí ọ̀ràn lè wáyé nínú ìtàn tí kò sí ọlọ́pàá?

Àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Japan fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Nínú Kokurōjō (2021), tí Yonezawa Honobu kọ, ọdún 1578 ni ìtàn bẹ̀rẹ̀: Araki Murashige ti dìtẹ̀ sí Oda Nobunaga, ogun sì ká a mọ́ inú odi Arioka. Bí àdììtú kan bá ṣẹlẹ̀ nínú odi náà, dandan ni kí ó tú u, nítorí pé bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá ń fura sí ara wọn, odi ti wó nìyẹn. Kuroda Kanbei, ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀, ni ó ń bi léèrè. Àìsí ọlọ́pàá kò pa ìtàn yìí lára. Òun gan-an ni ó sọ ìwádìí di ọ̀ràn ìṣàkóso ìlú.

Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1874, Ààrẹ Látòósà rọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà lóyè Ìyálóde Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á lójú oorun. Àkọsílẹ̀ Samuel Johnson, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé àwọn ẹrú rẹ̀ ni ó pa á, pé Kúmúyìílọ tí ó gbà ṣọmọ ni ó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀, àti pé Látòósà ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), Ìyálóde fúnra rẹ̀ ni ó gbé májèlé jẹ lẹ́yìn tí Látòósà ti ṣẹ́gun rẹ̀. A kò bá òǹkọ̀wé wí. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti tún ìtàn hun, èdè rẹ̀ sì jinlẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àyípadà yìí ṣe: ẹni tí wọ́n pa di ẹni tí ó pa ara rẹ̀, ẹni tí a fura sí di olùgbàlà ìlú, ìbéèrè náà sì parẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé Ifá ni àwọn baba wa ń bi léèrè, nítorí náà àdììtú kò lè pẹ́ nílẹ̀. Èrò yìí kò dúró. Ifá lè tọ́ka sí ọ̀nà, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ ìjòyè a máa pe ẹlẹ́rìí, a sì máa wádìí ẹnu wọn wò. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìdí nìyí tí a fi rọ olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní Ṣáṣá, ní Alímọ̀ṣọ́, tàbí níbikíbi, pé kí ó má ṣe fi eré náà kọ́ni gẹ́gẹ́ bí ìtàn gidi. Kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ Johnson, tí òun náà yẹ ní yíyẹ̀wò, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún-tòsì. Òǹkọ̀wé tí yóò sọ ọ̀ràn 1874 di ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè jáde láàárín wọn.