Lẹ́tà Mẹ́rin Lórí Ojú Ìwé Ìrántí: Àṣẹ Ni, Kì í Ṣe Ààbò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń ka ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ̀ pé òun náà a máa kọ̀wé nípa ara rẹ̀. Nínú Linux, ètò ìdarí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ń lọ lọ́wọ́ ní fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ maps. Fáìlì yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí a ti í yẹ ìwé gbogbo wò: kí ni ó sọ, báwo ni ó ṣe sọ ọ́, ǹjẹ́ ohun tí ó sọ sì pé bí?

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yéni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ti rí. Ètò ìdarí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ kan fọwọ́ kan ìrántí kọ̀ǹpútà ní tààrà. Ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, bí ẹni pé òun nìkan ló ń gbé inú ilé. Ó pín àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyí sí ojú ìwé. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ojú ìwé kan jẹ́ báìtì 4096. Àtẹ kan ló ń fi ibi tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan wà ní tòótọ́ hàn, àti ohun tí a lè fi í ṣe. Bí iṣẹ́ kan bá ṣe ohun tí àtẹ náà kò gbà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò dá a dúró, ètò ìdarí a sì sábà pa á.

Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú maps ń sọ ibi tí àyè kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà mẹ́rin. r túmọ̀ sí kíkà, w sí kíkọ, x sí pé kí ẹ̀rọ gba ohun tó wà níbẹ̀ bí àṣẹ, kí ó sì ṣe é. Ẹ̀kẹrin lè jẹ́ p, tí í ṣe ti ara ẹni, tàbí s, tí í ṣe àjùmọ̀lò. Níbi tí a kò bá ti gbà fúnni, a fa ìlà kékeré: r-xp, rw-p. Èyí yẹ fún ìyìn. Àmì kan, ìtumọ̀ kan. Àìní pàápàá ní àmì tirẹ̀. Àwa tí ń kọ́ àgbà ní ìwé kíkà mọ ìyà tí ń jẹ òǹkàwé bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó máa méfò. Àléébù kékeré kan ni pé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti mú àwọn lẹ́tà náà wá, x kò sì sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa rárá.

Ṣùgbọ́n àléébù ńlá wà. Fún ọdún púpọ̀, àtẹ inú ẹ̀rọ Intel onítóótun 32 ní àmì fún kíkọ, kò ní àmì kankan fún ṣíṣe. Bí fáìlì tilẹ̀ kọ rw-, ohun tí a bá lè kà, ẹ̀rọ lè ṣe é. Lẹ́tà x wà fún ojú, ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ. Irú àìsí àmì bẹ́ẹ̀ wà lára ẹ̀rọ VAX pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, ètò aṣèbàjẹ́ tí Robert Morris tú sílẹ̀ fi ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́ sí ètò kan tí kì í wọn ohun tí ó ń gbà. Ọ̀rọ̀ náà kún bo àyè tí a ń kó ohun ìgbà díẹ̀ sí, VAX sì ṣe é bí àṣẹ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọdún 2003 ni AMD fi àmì náà sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Windows XP bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2004.

Àléébù kejì: a lè kọ rwx pọ̀ láìsí ìkìlọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ojú ìwé tí a lè kọ nǹkan sí, tí a sì lè ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, ni olè ń wá. OpenBSD sọ ọ́ di òfin ní 2003 pé kíkọ àti ṣíṣe kò gbọdọ̀ pàdé lórí ojú ìwé kan. Orúkọ tí Windows fún ìdàpọ̀ yìí, PAGE_EXECUTE_READWRITE, gùn, ṣùgbọ́n ó kéré tán, kò fi ewu pamọ́.

Àléébù kẹta wà lára p. A pè é ní ti ara ẹni, síbẹ̀ iṣẹ́ púpọ̀ lè jọ máa lo ojú ìwé kan náà títí ọ̀kan yóò fi kọ nǹkan sí i. Nígbà náà ni ètò ìdarí yóò ṣe ẹ̀dà fún un. Ìlérí ni p, kì í ṣe àpèjúwe. Ní 2016 ni a tú àṣírí àbùkù tí a pè ní Dirty COW, èyí tí ó ti wà nínú Linux láti 2007: nípasẹ̀ àṣìṣe nínú ṣíṣe ẹ̀dà yìí, ẹni tí a gbà láyè láti ka fáìlì nìkan lè kọ ọ́. Ní gbogbo ìgbà náà, maps ń kọ r láìsí w.

Lójú tiwa, ìwé tó dára ni maps, ó sì yẹ ní kíkọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a pa láṣẹ ni ó ń sọ. Kò jẹ́rìí pé a pa àṣẹ náà mọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ yìí ní èdè wa, àbá wa ni pé kí a pe r, w, x àti p ní lẹ́tà àṣẹ, kí a sì fi ọ̀rọ̀ náà ààbò sílẹ̀ fún ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ní tòótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ ní ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ẹ̀rọ rẹ̀.