Ìpín Oyin

Oòrùn ti wọ̀ tán lẹ́yìn àwọn igi káṣú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì ṣú débi tí èèyàn kò fi ní rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Àkókò yìí gan-an ni Bàbá ti ń dúró dè láti ọ̀sán. Ó jókòó sórí òkúta, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé òórùn ara wa lọ bá àwọn àpótí oyin, ó tẹ́tí sílẹ̀. Àpótí mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń kùn. Létí tèmi, ìró kan náà ni. Bàbá ní àpótí kẹta kò kùn bíi ti àwọn yòókù.

"Àwọn tó lọ oko ṣì ń wọlé," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó tán ná."

Òkè-Ògùn la wà, lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Òkèhò, ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò sì tíì rọ̀ dunlẹ̀. Igi irú ti so òdòdó pupa roboto rẹ̀ rọ̀, igi òrí ti tanná, káṣú ti kúrò ní òdòdó, ó ti di èso. Láti ìgbà ọyẹ́ ni àwọn oyin ti ń ru omi dídùn inú òdòdó wọ̀nyí wọlé. Bàbá kì í ní òun ń lọ kó oyin. Ó ní òun ń lọ bá wọn pín in.

Kí ó tó jẹ́ kí n wọ aṣọ funfun àti àwọ̀n ojú, ó bi mí ní ìbéèrè kan tó yà mí lẹ́nu.

"Akọ̀wé, ṣé o ò jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lónìí?"

Mo rò pé èèwọ̀ ilé wọn ni. Kì í ṣe èèwọ̀. Bí oyin bá ta èèyàn, yàtọ̀ sí oró tó fi síni lára, ó tún máa ń tú òórùn kan jáde tó fi ń ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ogun ti dé. Òórùn náà fara pẹ́ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó tún wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń ta sánsán. Bàbá kò kà á níwèé. Imú ló fi mọ̀ ọ́n, lọ́jọ́ tí oyin ta á ní ìtakúta tó sì ń gbóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí kò ti sí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Agolo onírin ló fi ń rú èéfín. Ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lókè, ẹwìrì kékeré sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti alágbẹ̀dẹ. Ó ki ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sí ìsàlẹ̀, ó da háhá àgbàdo lé e, ó ṣáná sí i, ó wá dé e kí iná má baà jó geere. Nígbà tí ó rú dáadáa, ó fẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbóná. Ó já koríko tútù díẹ̀ sí i, ó tún fẹ́ ẹ. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà kẹta ló tó mi orí pé ó tó. Èéfín tí awọ ara rẹ̀ kò bá lè gbà, kò ní fẹ́ ẹ sí ìyẹ́ oyin.

Àpótí kẹta ló kọ́kọ́ lọ bá. Ó fẹ́ èéfín sẹ́nu ọ̀nà wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ó sì dúró. Ìdúró yẹn ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí wò dáadáa. Èéfín ń bo òórùn ogun tí mo wí lẹ́ẹ̀kan mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí àwọn oyin bá ti gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sáré lọ mu oyin yó, bí ẹni tó ń di ẹrù nítorí iná tó ń jó bọ̀. Oyin tó yó kì í fẹ́ jà, àmọ́ ó nílò àyè kó tó yó. Ẹni tó bá fẹ́ èéfín tó sì ṣí àpótí lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ìjà.

Irú àpótí yìí, orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ló ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ó fẹ̀ lókè, ó fún nísàlẹ̀, bí ọpọ́n tí ẹran fi ń mu omi. Ọ̀pá pẹlẹbẹ ni wọ́n tò sórí rẹ̀ bí àjà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 32. Àwọn oyin ló yan iye yẹn, kì í ṣe káfíńtà: bí oyin ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ń fi àyè sáàárín afárá kan sí èkejì nìyẹn. Bí ọ̀pá bá fẹ̀ jù, wọ́n á mọ afárá dábùú ọ̀pá méjì, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, kò ní ṣeé yọ láìfà á ya. Ẹsẹ̀ àpótí kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, kí ìjàlọ má baà gùn ún.

Ẹ̀yìn àpótí ni Bàbá gbà wọlé. Nítòsí ẹnu ọ̀nà ni ìyá oyin máa ń yé sí. Ẹ̀yìn ni àká wọn. Ó fi oríkèé ìka kan ọ̀pá kọ̀ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ọkọ ìyàwó tó ń kan ilẹ̀kùn àna. Ọ̀pá tí kò ní nǹkan lábẹ́ ń dún bí ìlù. Èyí tí afárá rọ̀ mọ́ ń dún kì, bíi pé èèyàn kan ògiri. Ní ọ̀pá kẹrin, ó dúró. Ó ti ọ̀bẹ bọ àárín ọ̀pá méjì, ó gé oje igi tí àwọn oyin fi lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó sì gbé e.

Kò yára, kò sì falẹ̀. Ó gòkè bí omi ṣe ń gòkè nínú kànga lẹ́yìn òjò: ojú ò rí i pé ó ń gòkè, ṣùgbọ́n ó ti gòkè. Afárá náà tóbi ju àwo ìjẹun lọ, àwọn oyin bò ó bí aṣọ tó ń mì. Afárá tuntun lásìkò ooru rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Bí wọ́n bá dà á dùbúlẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ á já a kúrò lára ọ̀pá. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá fẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò dà á. Ó na ọ̀pá náà dúró, ó yí i bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí, ó sì tún rọra tẹ́ ọ̀pá padà. Ìyípo mẹ́ta ni, nínú èyí tí afárá kò dùbúlẹ̀ rárá.

Tọ́ọ̀ṣì tí ọmọ rẹ̀ dì mú, wọ́n ti fi ọ̀rá pupa wé ojú rẹ̀, nítorí oyin kì í rí àwọ̀ pupa. Nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni a ti wo ojú afárá. Àwọn oyin máa ń fi ìyẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí ohun tí wọ́n bá rù wálé títí omi inú rẹ̀ á fi dín kù dé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó ń fi ìda tín-ínrín dé ojú ihò rẹ̀. Afárá tó wà lọ́wọ́ Bàbá ti ní ìdérí tán, àfi ìwọ̀n ìka mẹ́ta nísàlẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ̀kán bá ta sílẹ̀, á dá a padà, nítorí oyin tó bá lómi jù máa ń kan nínú ìgò. Kò sí èyí tó kán. Ó fi ìyẹ́ àkùkọ gbá àwọn oyin tó wà lára rẹ̀ padà sínú àpótí, ó gé afárá náà sínú ike, ó fi ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ lára ọ̀pá. Ìka kan yẹn ni wọ́n á tẹ̀ lé tí wọ́n bá ń mọ òmíràn, kí ó lè tọ́.

Èmi ni mo fa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pá kẹfà. Mo dé ike láìwò ó, oyin kan há sábẹ́ ìdérí. Ìró àpótí náà yí padà lójú ẹsẹ̀, ó ga, ó mú. Ọ̀kan gba abẹ́ àwọ̀n wọlé, ó ta mí létí. Bàbá kò bá mi wí. Ó fi èékánná ha ẹ̀gún náà dànù kíá, ó fẹ́ èéfín sójú ibẹ̀, ó ní kí gbogbo wa dúró gbọn-in. Ẹ̀gún oyin ní ìkọ́. Ó máa ń já sára èèyàn pẹ̀lú àpò oró rẹ̀, àpò yẹn á sì máa da oró síni lára lẹ́yìn tí oyin fúnra rẹ̀ ti ń kú lọ. Bó ṣe ń pẹ́ lára ni oró ń pọ̀ sí i. A dúró nínú òkùnkùn láìsọ̀rọ̀ títí ìró náà fi rọlẹ̀, Bàbá sì tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé, bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Afárá márùn-ún ló gé. Ọ̀pá kẹsàn-án àti ẹ̀kẹwàá kún dẹ́múdẹ́mú, ìdérí wọn funfun báláú. Ó wò wọ́n, ó dá wọn padà.

"Bàbá, ẹ ò ní gé ìwọ̀nyí?"

"Tiwọn nìyẹn."

Mo fẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ méjì yẹn dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Bí òjò bá dé, òdòdó á wọ́n, oyin kò sì ní lè jáde lójoojúmọ́. Oyin ilẹ̀ wa kì í jókòó kí ebi pa á kú sílé. Á kó ẹrù, á fi àpótí sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹni tó bá gé ọ̀pá méjì yẹn yóò ta ìgò díẹ̀ sí i lọ́dún yìí, kò ní rí ẹni bá pín lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn baba wa tó ń gun igi lóru pẹ̀lú ògùṣọ̀ láti wá oyin inú ihò igi láyà, wọ́n sì mọ igbó ju wa lọ. N kò ní tàbùkù wọn. Ṣùgbọ́n iná yẹn ń jó ìyá àti ọmọ pọ̀, ó sì ń jó pápá nígbà mìíràn. Mo fara mọ́ ẹni tó fi ọ̀pá méjì sílẹ̀.

Ọ̀pá kọkànlá ló gbé kẹ́yìn. Afárá rẹ̀ ti dúdú, ìdérí ibẹ̀ sì rí bí awọ, ó wú díẹ̀: àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀. Létí rẹ̀ nísàlẹ̀, ohun méjì so rọ̀ tó dà bí ẹ̀pà nínú èèpo. Bàbá mí kanlẹ̀. Ilé ìyá oyin tuntun ni. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹyin oyin lásán fi ń di oyin. Ìyá kì í ju ọjọ́ 16 lọ. Bí tuntun bá ti fẹ́ yọ, ìyá àgbà á kó bí ìdajì ilé sẹ́yìn, á lọ wá ibòmíràn. Ohun tí ó gbọ́ láti orí òkúta nìyẹn. Ó dá ọ̀pá náà padà sí ojú rẹ̀ gẹ́lẹ́, iwájú síwájú, ẹ̀yìn sẹ́yìn, ó sì pa àpótí dé.

Nílé, kò gbé oyin ka iná. Ó fọ́ afárá sínú aṣọ funfun, ó so ó rọ̀ lórí ike, ó ń kán títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn oníbàárà kan ti dá ìgò padà fún un rí pé oyin náà dì, pé ó ti po ṣúgà mọ́ ọn. Ó dùn mí fún un. Ojúlówó oyin máa ń dì, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ká gbé ìgò sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, á yọ́ padà. Ìṣáná tí a ń tì bọ oyin ká tó ṣá a, èèrà tí a ń ṣọ́ bóyá á lá a, kò sí èyí tó lè fi ẹni tó pò ó hàn. Ọ̀rọ̀ kan sì tún wà tí n kò lè dákẹ́ lé lórí, nítorí oyin kì í wọ́n níbi ìsọmọlórúkọ wa: àwọn dókítà ní kí a má fi oyin sẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn àgbà lè borí, tí ti ìkókó kò lè borí. Kí ìyá tọ́ ọ wò lórúkọ ọmọ.

Èyí tó ṣẹ́kù nínú aṣọ, ó sè é nínú omi, ìda léfòó, ó dì lọ́jọ́ kejì bí ọṣẹ. Àwọn tó ń rán bàtà máa ń wá rà á láti fi pa òwú; àwọn tó ń rọ ère idẹ náà ń wá a. Ṣùgbọ́n Bàbá kọ́kọ́ bù tirẹ̀. Ó fi ra inú àpótí tuntun kan àti gbogbo ọ̀pá rẹ̀, ó fún koóko ọba, èyí tí a tún ń pè ní ewé tíì, ó fi nu ẹnu ọ̀nà. Òórùn ewé náà jọ èyí tí àwọn oyin máa ń tú jáde láti fi pe ara wọn wálé. Ó gbé àpótí náà kọ́ sórí igi òrí kan tí kò jìnnà, ó sì fi í sílẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó pè mí. Kò kí mi tán tó fi ní kí n dákẹ́, ó gbé fóònù rẹ̀ ti ara àpótí. Ìró kan ni mo gbọ́, ó balẹ̀, ó dọ́gba, kò ga, kò mú.

"Wọ́n ti wọlé," ló wí.