Ohùn Àwọn Àgbẹ̀ nínú Ìwé Àkọsílẹ̀ Ojoojúmọ́ Guevara ní Bòlífíà

Kúbà ni wọ́n ti tẹ ìwé àkọsílẹ̀ tí Ernesto Che Guevara kọ nínú igbó Bòlífíà jáde ní ọdún 1968. Fidel Castro ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Bí ìtàn akọni ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kà á. Ní tiwa, ìwé nípa àìgbọ́ra-ẹni-yé ni a kà á sí.

Ọjọ́ 7, oṣù kọkànlá, ọdún 1966 ni àkọsílẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ó parí ní ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá, ọdún 1967. Ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ ogun Ààrẹ Barrientos mú òǹkọ̀wé náà. Wọ́n pa á ní La Higuera ní ọjọ́ 9. Nǹkan bí 50 ni àwọn jagunjagun inú igbó tí ó kó jọ láti dojú ìjọba bolẹ̀.

Ohun tí onímọ̀ èdè kò gbọdọ̀ fojú fò dá ni pé èdè Quechua ni wọ́n ń kọ́ ní ibùdó wọn, bẹ́ẹ̀ Guaraní ni èdè ìbílẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ agbègbè náà. (Ẹni tí ó ti jẹ́ orúkọ Kiswahílì, Tatu, ní Kóńgò ní ọdún 1965! Àṣìṣe náà ya ni lẹ́nu.) Barrientos gbọ́ Quechua dáadáa ní tirẹ̀, èyí sì wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. A kò sọ pé èdè nìkan ni ó fa ìṣubú wọn. Àtúnpín ilẹ̀ ọdún 1953 ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di onílẹ̀. Mario Monje, olórí ẹgbẹ́ kọ́múníìsì, sì kọ̀ láti fi ipò aṣáájú sílẹ̀ fún àlejò.

Gbólóhùn kúkúrú ni òǹkọ̀wé ń lò: gíga òkè, oúnjẹ, ikọ́-fée tí ń dà á láàmú. Ní ìparí oṣù, ó máa ń ṣe àgbéyẹ̀wò, ẹ̀dùn kan náà ni ó sì ń padà wá, pé àwọn àgbẹ̀ kò dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwítúnwí yìí ni ó fún ìwé náà ní agbára tí ó ní. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀ wà: òǹkọ̀wé ń ka iye àgbẹ̀ tí kò wá, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń rò. Ẹni tí a ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ ni àgbẹ̀, tàbí ẹni tí ó lè tú àṣírí.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn àkọsílẹ̀ náà, wọ́n pàdé ìyá arúgbó kan tí ń da ewúrẹ́. Wọ́n bi í léèrè ibi tí àwọn ọmọ ogun wà. Ó ní òun kò mọ̀. Wọ́n fún un ní pésò 50 kí ó má baà sọ̀rọ̀, bí òǹkọ̀wé tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìrètí òun kò pọ̀. Kò sí ibì kankan tí ó ti bi í léèrè bí ewúrẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ tó, tàbí ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹko lé lórí.