‘Peace’ àti ‘Piece’ Nínú Ìwé Ìpè Wa

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ kí á yẹ ìwé ìpè wòlímà tí à ń tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wò. Mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n ti dárúkọ Ànábì, tí wọ́n fẹ́ tọrọ àlàáfíà fún un, ‘Piece be upon him’ ni wọ́n sì kọ. Ègé ni ‘piece’, bí ègé ẹran tàbí ègé aṣọ. ‘Peace’ ni àlàáfíà. Òmíràn ní kí á ‘prey’ fún òkú! Àdúrà ni ‘pray’. Ẹran tí ẹkùn ń dọdẹ ni ‘prey’.

Àwọn kan a ní ohun kékeré ni. N kò gbà. Àwa tí a ń dá ọmọ kéwú dúró nítorí pé ó pe ‘qalb’ bí ‘kalb’, tí ọkàn sì di ajá lẹ́nu rẹ̀, kò yẹ kí á fojú fo èyí.

Àwọn ìwé kéékèèké tí ń to irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní méjì-méjì kò ràn wá lọ́wọ́ tó, nítorí oríṣi àṣìṣe méjì ni wọ́n dà pọ̀. ‘Peace’ àti ‘piece’ kò ní ìyàtọ̀ kankan lẹ́nu Òyìnbó fúnra rẹ̀. Bí o pè wọ́n fún un nígbà ọgọ́rùn-ún, etí rẹ̀ kò lè yà wọ́n. Gbólóhùn ni yóò fi mọ èyí tí ò ń wí. Ṣùgbọ́n ‘live’, kí á máa gbé ibì kan, àti ‘leave’, kí á kúrò níbẹ̀, ẹnu tiwa ló sọ wọ́n di ọ̀kan. Òyìnbó a máa fa ti ‘leave’ gùn, ti ‘live’ a kúrú. ‘I’ kan ṣoṣo ni àwa ní fún méjèèjì. Èyí ló jọ ti ‘qalb’ àti ‘kalb’: ahọ́n ni kí á tọ́. Ní ti ‘peace’, ahọ́n kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Wàláà ni kí ọmọ gbé, kí ó kọ ọ́.

N kò sì fara mọ́ kíkọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ tí kò tíì mọ ‘peace’, tí a wá kọ ‘piece’ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò gbé méjèèjì lọ sílé láìmọ èwo ni èwo. Kí ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀kan dájú ná.

Kọ̀ǹpútà atẹ̀wé tí ń fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe sábà máa ń fi èyí sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi ni ‘piece’. Kí ẹgbẹ́ yan ẹni tí yóò máa ka ìwé ìpè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá: ‘kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a’. Kò sí ẹni tí a pè tí kò ní yé.