Galaxy S24 Ultra: Fóònù Elédè Mẹ́tàlá

Láti ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2024 tí Samsung ti fi Galaxy S24 Ultra han aráyé ní ìlú San Jose, ní ìpínlẹ̀ California, ni ẹ̀yin ọmọ mi ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: “Prọ́f, wọ́n ní fóònù yìí ń túmọ̀ èdè bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ṣé iṣẹ́ ò ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin onímọ̀ èdè báyìí?” Ọjọ́ 31 oṣù náà ló tó dé ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà mi ò tíì fọwọ́ kàn án nígbà tí mo kọ èyí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo rẹ̀ nígbà náà ò tíì fọwọ́ kàn án. Ohun tó wà níwájú mi ni ohun tí ilé iṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ, tí mo gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti ìwé àlàyé tí wọ́n fi tẹ̀ lé e, títí kan àwọn lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀. Ibi lẹ́tà wínníwínní yẹn ni kí ẹ máa kọ́kọ́ kà nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ń ta nǹkan fún yín.

Ẹ rántí pé oríkì ni irú àpéjọ bẹ́ẹ̀. Onírárà kì í ki ọba tán kó tún ní bàtà ọba ti lu. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ ni láti wo bàtà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Irin titanium ni wọ́n fi yí ara rẹ̀ ká, bí Apple ti ṣe sí iPhone 15 Pro ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 6.8, wọ́n sì ti jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò rọ̀ sísàlẹ̀ létí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bírò S Pen kọ̀wé á mọ ìdí tí mo fi dúpẹ́. (Bírò ló dára jù fún èdè wa o jàre. Àmì ohùn bọ́ síbi tó yẹ, kò sí pé à ń wá ẹ́ àti ọ̀ kiri lórí kíbọọ̀dù.) Kámẹ́rà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àgbà wọn jẹ́ 200 megapixel. Èyí tó ń fa ohun òkèèrè mọ́ra ní ìlọ́po 10 lára S23 Ultra ti di ìlọ́po 5, ṣùgbọ́n megapixel rẹ̀ ti kúrò ní 10, ó di 50. Àwọn kan ń bínú sí i. Ní tèmi, èèyàn mélòó ló ń ya òṣùpá lójoojúmọ́? Bátìrì ṣì wà ní 5,000 mAh bíi ti àná.

Ohun tó yẹ ká pàtẹ́wọ́ fún gan-an ni ọdún méje. Samsung ṣèlérí pé fún ọdún 7 ni òun yóò fi máa tún software fóònù yìí ṣe, tí òun yóò sì máa dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Ìran software 4 àti ọdún 5 ti ààbò ni wọ́n ṣèlérí fún S23. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ra irú fóònù yìí nígbà tó bá jáde. Òun ló máa ń wá bá wa ní tòkunbọ̀, lẹ́yìn tí ará London tàbí Dubai bá ti lò ó fún ọdún méjì mẹ́ta. Èyí tó bá dé Computer Village ní Ìkẹjà ní 2027 á ṣì ní nǹkan bí ọdún 4 níwájú. Ẹni tí áápù báńkì ti kọ̀ láti ṣí lórí fóònù rẹ̀ torí pé fóònù náà ti gbó jù mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí lẹ́tà wínníwínní. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ ní 2024 pé ọ̀fẹ́ ni àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Galaxy AI yóò jẹ́ títí di òpin ọdún 2025. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Wọn ò sọ nígbà náà. Ẹ fi ọdún 2025 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún 2027 tí mo mẹ́nu bà lókè. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ lò lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kí oní-tòkunbọ̀ sanwó kó tó lò ó. Bí èèyàn bá sì yọ Galaxy AI kúrò lára fóònù yìí, S23 Ultra tó wọ aṣọ titanium ló kù, bí a bá yọwọ́ ọdún méje.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wo Galaxy AI náà dáadáa. Fífi ìka yí nǹkan po lójú fóònù kí Google lè wá a jáde dùn-ún wò, ṣùgbọ́n Google ló ni ín, wọ́n sì ti jẹ́ kí Pixel 8 náà rí i lò. Òmíràn ń gbé èèyàn láti apá kan àwòrán sí apá kejì, ó sì ń fi ohun tó jọ òótọ́ dí ibi tó ṣí sílẹ̀. Samsung ṣe dáadáa tó fi àmì sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Olórí gbogbo rẹ̀ ni ìtumọ̀. O pe ẹnìkan tí kò gbọ́ èdè rẹ, o sọ tìrẹ, fóònù sọ ọ́ di tirẹ̀, ó dáhùn, fóònù sọ ọ́ di tìrẹ. Inú fóònù gan-an ni wọ́n ní iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀, pé ọ̀rọ̀ yín ò ní máa lọ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Èdè mẹ́tàlá ló gbọ́ nígbà tó jáde ní 2024: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Sípéènì, Potogí, Pólándì, Híńdì, Ṣáínà, Jàpáàn, Kòríà, Táì àti Vietnam. Mo kà á, mo tún un kà. Kò sí Haúsá, kò sí Sùwàhílì, kò sí Àmháríkì. Kò sí Yorùbá. Ẹ má sọ fún mi pé Faransé àti Potogí náà wà ní Áfíríkà. A mọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn dé.

Ìdáhùn tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé èdè olóhùn le fún ẹ̀rọ, pé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ló ń da ẹ̀rọ láàmú. Ẹ tún àkọsílẹ̀ yẹn wò. Èdè olóhùn ni Ṣáínà. Èdè olóhùn ni Táì, ohùn 5 ló ní. Vietnam ní ohùn 6 ní apá àríwá orílẹ̀-èdè wọn, àwọn náà sì ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà bíi tiwa, àfi pé ohùn ni tiwọn ń tọ́ka sí. Mẹ́ta péré ni tiwa. Bí ẹ̀rọ bá lè ru mẹ́fà, kí ló dé tí mẹ́ta fi wúwo fún un?

Àwọn kan á ní kí a wo iye èèyàn. Ó dáa. Àwọn ará Pólándì tó wà nílé jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 38. Àwa tí à ń sọ Yorùbá lé ní mílíọ̀nù 40.

Ìṣòro gidi wà o, mi ò ní purọ́ fún yín torí pé èdè mi ni. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kọ́ là ń kọ ọ́. Ẹnìkan fẹ́ “ra ẹja”, etí á gbọ́ “rẹja”. “Owó ilé” á di “owóolé”. Fáwẹ̀lì ń jẹ fáwẹ̀lì, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí wọ́n jẹ. Kò sì lè mọ̀ ọ́n àfi bó bá gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn fún wákàtí tí kò lóǹkà, ará Ọ̀yọ́, ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì, kí ẹnìkan sì ti kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tó pé. Owó ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Google Translate ti gba Yorùbá wọlé pẹ̀lú Haúsá, Igbo, Sọmálì àti Súlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nínú ẹgbẹ́ Masakhane ti ń kó ọ̀rọ̀ èdè Áfíríkà jọ láti ọdún mélòó kan. Ohun tí mo rí nínú àkọsílẹ̀ mẹ́tàlá yẹn ni ibi tí wọ́n ti ń ra fóònù olówó ńlá. Oníṣòwò ni Samsung, mi ò bá wọn jà. Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n dúró lórí pèpéle kí wọ́n ní àwọn ti wó ògiri èdè lulẹ̀.

Ẹ wo ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, tó ń rajà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Guangzhou. Irú ẹni tí fóònù yìí wúlò fún gan-an nìyẹn. Oníṣòwò yẹn á sọ èdè abínibí rẹ̀ fàlàlà, yóò dúnàádúrà nínú rẹ̀, yóò ṣàwàdà. Ìyá wa ní láti kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lórí, kó tó gbé e fún ẹ̀rọ pé kó bá òun tú u. Àwọn méjèèjì san owó kan náà fún fóònù kan náà. Ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe fún ìyá yìí, ìdajì tó le jù ló sì fi sílẹ̀ fún un. Bí kò bá wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, kò sí ohun tó lè fi í ṣe níbẹ̀.

Owó yẹn ńkọ́? Nǹkan bíi 1,300 dọ́là ni èyí tó kéré jù nínú S24 Ultra nígbà tó jáde ní 2024, 100 dọ́là lé sí ti S23 Ultra nígbà tó jáde. Kí a tilẹ̀ ka dọ́là kan sí 900 náírà, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rà ní ìgboro, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, 30,000 náírà, ì bá ṣiṣẹ́ oṣù 39 láìjẹ láìmu.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bi mí bóyá kí ẹ rà á: bí àwòrán tàbí fídíò bá ni iṣẹ́ yín, tí owó sì wà, ẹ rà á, ẹ ò ní kábàámọ̀. Bí ẹ bá ti ní S23 Ultra, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ ń dúró dè, ẹ máa fi ọdún méje yẹn sọ́kàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ torí ìtumọ̀, tí ilé yín sì jẹ́ ilé Yorùbá, ẹ fowó yín sápò.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Houston, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan á rà á bí mo bá sọ títí. Bó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ pe ẹnìkan tó gbọ́ Faransé tàbí Sípéènì, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má yọ́ ohùn sọ o. Ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yín nílé, kí “ṣebí” àti “àbí” wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ ohun tí fóònù náà ní ẹ sọ ránṣẹ́ sí mi, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹ má bá a tún un ṣe.