Àríwísí lórí Lẹ́tà Àwọn Ọmọ Tó Fẹ́ Di Ẹnjinníà Òfúrufú

Oríṣi ìwé kan wà tí a kì í kà sí lítíréṣọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé girama fi ń wá ọjọ́ ọ̀la wọn: lẹ́tà tí àwọn yunifásítì òkè òkun máa ń ní kí ọmọ fi sọ irú ẹni tó jẹ́ àti ìdí tó fi yan iṣẹ́ tó yàn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì sí Ìsàlẹ̀ Gángan níbí, àwọn òbí àdúgbò ò yéé gbé e wá: "Pròf, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ṣe." Èyí tó pọ̀ jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni tàwọn ọmọ SS3 tó fẹ́ kọ́ Aerospace Engineering. Mo fẹ́ yẹ àwọn lẹ́tà náà wò bí a ṣe ń yẹ ewì tàbí ìtàn wò, torí àléébù wọn kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì.

Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré ni ọmọ ti ń wo bàálù lókè, ó wá pinnu pé òun náà yóò fò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe yóò tò bí ọkọ̀ lórí Carter Bridge: "passionate", "dedicated", "hardworking". Ní ìparí, ọmọ yóò ṣèlérí pé òun ń bọ̀ wá tún Nàìjíríà ṣe. Tẹ́ ẹ bá yọ orúkọ kúrò lórí mẹ́wàá nínú wọn, ìyá tó bí wọn gan-an ò ní mọ èwo ni tọmọ òun.

Ẹ má dá àwọn ọmọ lẹ́bi o. Níbo ni wọn ì bá ti kọ́ ọ? JAMB ò bi ọmọ ní irú ẹni tó jẹ́. Ìbéèrè 180 ni, lórí kọ̀ǹpútà, máàkì 400: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, fisíìsì àti kẹ́mísírì fún ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjinníà. Kí ọmọ ṣáà yan A, B, C tàbí D. Lójijì, Common App ti Amẹ́ríkà gbé àyè ọ̀rọ̀ 650 síwájú ẹ̀ pé kó sọ tẹnu ẹ̀. UCAS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì 4,000, títí kan àlàfo, wọ́n sì ti pín in sí ìbéèrè mẹ́ta fún àwọn tó ń wọlé láti 2026: kí ló dé tó o fi fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, báwo ni ohun tó o ti kọ́ ṣe múra rẹ sílẹ̀, kí lo tún ti ṣe lẹ́yìn odi ilé-ìwé? Ìbéèrè kẹta yìí gan-an làwọn ọmọ wa ò rí ìdáhùn sí.

Àwọn kan sọ pé àṣà ló fà á, pé Yorùbá kì í yin ara ẹ̀. Mi ò gbà. Òótọ́ ni pé ẹlòmíì ló máa ń kì wá, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí oríkì ń ṣe. Oríkì kì í sọ pé èèyàn ní ìtara kó sì dákẹ́. Ó máa ń sọ ohun tónítọ̀hún ṣe àti ibi tó ti ṣe é. Gírámà wa náà ń gbè é lẹ́yìn: ojúlówó ọ̀rọ̀ àpèjúwe ò pọ̀ lédè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe la fi ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe ṣe. Igi ga, omi tutù, ọmọ gbọ́n: ọ̀rọ̀-ìṣe ni "ga", "tutù" àti "gbọ́n". Irinṣẹ́ tí lẹ́tà yìí ń fẹ́ ti wà lọ́wọ́ ọmọ wa tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ọmọkùnrin kan kọ ojú ewé méjì tó kún fún ìtara. Mo bi í ní ohun tó máa ń ṣe lásìkò ọyẹ́. Ó ní òun máa ń ṣe káìtì fáwọn àbúrò òun: igi ìgbálẹ̀, ọ̀rá, òwú. Tí káìtì bá ń yí gbiri lókè, á so àkísà mọ́ ọn nídìí bí ìrù. Tí ìrù bá wúwo jù, tí káìtì ò gbéra, á máa gé e díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró dáadáa. Ó ní eré lásán ni. Eré kẹ̀! Ìrù yẹn ló ń fa ìdí káìtì sẹ́yìn kí orí ẹ̀ lè máa dojú kọ atẹ́gùn. Ọmọ yìí dán nǹkan wò, ó rí ibi tó kù sí, ó tún un ṣe. Iṣẹ́ ẹnjinníà nìyẹn, kò sì sí gbólóhùn kan nípa ẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òun fi tilé sílẹ̀, ó lọ yá tòde.

Àléébù kejì le jùyẹn lọ: ọ̀pọ̀ lẹ́tà ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń wá. Ẹni tó fẹ́ wa bàálù tàbí tó fẹ́ máa tún un ṣe, ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfúrufú tó wà ní Zaria láti 1964 ló yẹ kó lọ béèrè. Ẹnjinníà òfúrufú ló ń ṣírò ìyẹ́, ẹ́ńjìnnì, rọ́kẹ́ẹ̀tì àti sátẹ́láìtì kó tó di pé ẹnikẹ́ni kàn án pọ̀. Kò sì pọn dandan kéèyàn lọ sókè òkun kó tó bẹ̀rẹ̀. LASU ń kọ́ ọ ní Ẹ̀pẹ́ níbí, KWASU ní Màlété àti ABUAD ní Adó-Èkìtì náà ń kọ́ ọ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ tàbí iná mànàmáná ní yunifásítì ilé lè fi oyè kejì bọ́ sí òfúrufú. Àwọn ẹnjinníà Nàìjíríà ló kọ́ NigeriaSat-X ní Guildford, ó sì gbéra lọ sókè lóṣù kẹjọ ọdún 2011.

Àléébù kẹta ò hàn nínú lẹ́tà, inú kàlẹ́ńdà ló wà. Àwọn òbí máa ń ní kí ọmọ kọ́kọ́ parí WAEC ná. Ṣùgbọ́n Oxford àti Cambridge ti ń ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ìyókù sì yí ká ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Kí èsì WAEC tó jáde, ọdún kan ti lọ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò sì gba WAEC nìkan fún ẹnjinníà, wọ́n á béèrè A-Level tàbí ọdún ìmúrasílẹ̀ kan. Nípa owó, MIT kì í wo àpò òbí kó tó gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń wò ó. Òfin Amẹ́ríkà lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì àti sátẹ́láìtì tún mú kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ máa wá ọmọ ilẹ̀ wọn tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbé-ayé títí. Ó yẹ kí ọmọ gbọ́ èyí kó tó wọkọ̀, kó má jẹ́ ìgbà tó bá gboyè tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má gbé lẹ́tà wá bá mi lóṣù kẹwàá mọ́. Látìgbà tí ọmọ bá ti wọ SS2, ẹ ra ìwé kékeré kan fún un, kó máa kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀: ohun tó tú palẹ̀, ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, bó ṣe tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ nílé àti lókè òkun. Tó bá wá di àsìkò lẹ́tà, kó ṣí ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò le, ẹ gbé ìyẹn wá, a ó jọ tún un ṣe.